Ọdún Tí Mo Ń Jowú Ìwé Ìyàwó Mi

Inú ọgbà búlọ́ọ̀kù mi ní Ayọ̀bọ̀ la wà lọ́jọ́ tí orúkọ ìyàwó mi jáde. Èmi àti òun la jọ ra fọ́ọ̀mù, a jọ ṣe ìdánwò ìwọlé lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀kọ́ kan náà la sì yàn: Bísínẹ́ẹ̀sì Mánéjìmẹ́ǹtì, ìyẹn ìmọ̀ ìṣàkóso okòwò, ní yunifásítì kan tó máa ń ṣe kíláàsì ní òpin ọ̀sẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí nígbà náà. Òun fi ọdún mẹ́ta kéré sí mi, tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìgàndó, níbi tí à ń gbé.

Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tí mo tò fún un, ó ń tẹ fóònù. Lójijì ó pariwo, ó fò dìde.

"Wọ́n ti gbà mí! Ó yá, ẹ wo tiyín."

Mo wo tèmi. Mo tún un wò. Wọn ò gbà mí. Ìṣirò tí mi ò yege nínú ìdánwò àṣejáde girama ló dá mi dúró. Mo ti rò pé wọn ò ní wo ìyẹn mọ́ nítorí ó ti pẹ́. Wọ́n wò ó.

Mo dì mọ́ ọn, mo kí i. Àwọn òṣìṣẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé bóyá àṣìṣe ni, bóyá tó bá di ọ̀la wọ́n á ní àwọn ṣi orúkọ kọ, kí àwa méjèèjì lè jọ wà nílé. Irú èrò tí mo ní sí ìyàwó ara mi nìyẹn.

Bí mo ṣe ń rò ó ni pé èmi ni mo kọ́ obìnrin yìí lókòwò. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, kò mọ yanrìn tó mọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ní amọ̀ nínú. Èmi tí mo ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù fún ọdún mẹ́sàn-án, tí mo fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n lọ kọ́ ìṣirò wá. Òun tó ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ní A, B, D ló ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ilé iṣẹ́.

Láràárọ̀ Sátidé, màá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, á wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkòtún, kó tó wọ mọ́tò lọ síbi tí wọ́n ti ń kàwé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sunday, á kó ọ̀rọ̀ tuntun wálé.

"Ṣé o mọ̀ pé o kì í pín àṣẹ fún ẹnikẹ́ni?" ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun. "Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ilé iṣẹ́ tí gbogbo nǹkan bá ti ń dúró de ẹnì kan, kò lè dàgbà."

"Àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn, ṣé wọ́n ti po sìmẹ́ńtì rí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mò ń ṣeré ni.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àwọn nǹkan kéékèèké. Tó bá jókòó ti ìwé, màá yí tẹlifíṣọ̀n sókè. Ebi kì í pa mí tó bá ń tẹ fóònù, àfi tó bá ṣí ìwé. Ìgbà yẹn gan-an ni màá rántí pé ṣẹ́ẹ̀tì kan wà tí mi ò rí mọ́. Kò bá mi jà. Á dìde, á wá ṣẹ́ẹ̀tì, á padà sídìí ìwé rẹ̀. Bí kò ṣe bá mi jà yẹn tún ń dùn mí.

Ní ọdún kejì rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú fóònù rẹ̀. Ohùn náà ki, ó sì dùn bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. "Ọ̀gá wa," ohùn náà á ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣàlàyé orí kẹta yìí. Ẹ̀yin nìkan ló yé." Ìyàwó mi á rẹ́rìn-ín, á bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Ọ̀gá wa! Nínú ilé tí èmi jẹ́ ọ̀gá.

"Ta nìyẹn?" mo bi í.

"Ẹni tí a jọ wà ní kíláàsì ni jàre."

Mi ò bi í mọ́. Ṣùgbọ́n "jàre" yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Kí ló dé tó fi "jàre" sí i?

Ní Sátidé kan tí kò sí kíláàsì, ó ní àwọn máa péjọ kàwé nínú ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan nínú wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó júwe ibẹ̀ fún mi, mo ní kò burú. Kò tíì ju wákàtí kan lọ tó jáde tí mo sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ mi pé mo fẹ́ lọ wo yanrìn, mo gun ọ̀kadà, mo kọrí sí Ẹ̀gbẹ́dá. Mo dúró sí òdìkejì títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù, mo ń wo inú ṣọ́ọ̀bù náà láti ojú fèrèsé.

Àwọn márùn-ún ni wọ́n jókòó yí tábìlì ká. Ìyàwó mi ló dúró nídìí pátákó, ó ń kọ nǹkan sí i, ó ń ṣàlàyé, àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mò ń wo àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń ṣírò ẹni tó lè ni ohùn yẹn. Ibi tí mo ti ń ṣírò ni ilẹ̀kùn ti ṣí, tí bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí gbogbo orí rẹ̀ funfun, sọdá wá bá mi.

"Ìwọ lọkọ ọ̀gá wa!" Ohùn yẹn ni. "Mo dá ọ mọ̀ nínú fọ́tò ojú fóònù wọn. Wọlé, àbúrò, wá jókòó."

Ẹnu iṣẹ́ ìjọba ni bàbá náà ti fẹ̀yìn tì, tó wá ní òun ò fẹ́ kú láìgboyè. Ó fà mí wọlé. Ìyàwó mi rí mi, ó dá máàkà dúró lójú pátákó. Mo ní mò ń kọjá lọ ni. Bàbá náà fún mi ní àga, ó yíjú sí i, ó ní, "Ọ̀gá wa, ẹ máa bá a lọ." Bàbá tó tó bí mi lọ́mọ ń "ẹ" ìyàwó mi, ó ń "o" èmi.

Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀ bí mo ṣe rí orí funfun yẹn. Kò balẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọkùnrin kankan ni mò ń jowú. Mo jókòó, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀ lára pátákó, kò gbọ̀n. Mò ń wo àwọn àgbàlagbà tó ń yára kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ sílẹ̀ rí.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ padà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá àgbà yẹn lò ń jowú? Háà!" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn fún ọkùnrin láti ní òun ń jowú ọkùnrin bíi tòun ju pé kó ní òun ń jowú ìwé lọ.

Nígbà tó dé ọdún tó fẹ́ ṣe àṣekágbá, wọ́n ní kí oníkálukú wọn lọ wo ilé iṣẹ́ kékeré kan fínnífínní, kí ó kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀. Ó ní ọgbà búlọ́ọ̀kù wa lòun fẹ́ kọ. Inú mi dùn. Mo ti ń rí i lọ́kàn mi bó ṣe máa kọ ọ́ pé mo fi ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀, pé mo di ẹni tó ní mẹ́ta. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà gba ìsinmi, ó kó ìwé àti bírò, ó bá mi lọ sí Ayọ̀bọ̀.

Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì lọ dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ jókòó ti bàbá tó dàgbà jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi. Láti Ìjẹ̀gùn ni bàbá yìí ti ń wá, síbẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Mo wà lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù tí a tò jọ, wọn ò rí mi.

"Bàbá, kí ló dé tí búlọ́ọ̀kù wa fi ń fọ́ tó báyìí?"

"Ìyá wa, omi ni. Búlọ́ọ̀kù tuntun ń fẹ́ omi láàárọ̀, ó ń fẹ́ omi nírọ̀lẹ́, kó tó lè le dáadáa. Ọwọ́ ọ̀gá sì ni kọ́kọ́rọ́ ilé jẹnẹrétọ̀ wà. Tí wọ́n bá ti jáde, a ò lè fa omi. À ń wò ó ni, ó ń gbẹ."

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣé ọ̀gá wa ṣeé sọ̀rọ̀ fún ni?"

Mo rí i tí ìyàwó mi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí bírò tó ń sáré. Mo jáde sí wọn.

"Dìde níbẹ̀ yẹn! Ṣé pé o wá síbí láti wá kó àwọn òṣìṣẹ́ mi lẹ́nu jọ? Ibí yìí kì í ṣe kíláàsì! Ọdún mẹ́ta péré lo fi kàwé, o ti fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi ń bọ́ ọ. Gbé ìwé ẹ, kó o máa lọ sílé!"

Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Bàbá wo ilẹ̀. Ìyàwó mi pa ìwé rẹ̀ dé, ó gbọn eruku kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní, ó sì lọ.

A kì í "ẹ" ara wa nílé. Ojú àwọn òṣìṣẹ́ mi nìkan ló ti máa ń "ẹ" mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, "ẹ" yẹn bá wa délé. Ẹ káàbọ̀. Oúnjẹ yín wà lórí tábìlì. Ṣé ẹ ti fẹ́ sùn? Kò bú mi, kò yan odì. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ lè tutù tó bẹ́ẹ̀ létí èèyàn.

Ó pààrọ̀ ibi tó fẹ́ kọ. Ilé búrẹ́dì obìnrin kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ló lọ. Á dé nírọ̀lẹ́, gbogbo aṣọ rẹ̀ á máa rùn fún búrẹ́dì gbígbóná, á máa sọ fún bàbá olóhùn rédíò yẹn lórí fóònù bí obìnrin náà ṣe máa ń jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ Monday, tó máa ń bi wọ́n pé kí ló ń dà wọ́n láàmú. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí jowú búrẹ́dì. Odidi oṣù kan ni mi ò fi búrẹ́dì kan ẹnu.

Àárín ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan tó ń kọ́lé nítòsí wa gbé ọkọ̀ akẹ́rù wọ ọgbà mi. Àwọn búlọ́ọ̀kù mi ló kó padà wá. Ó gbé ẹyọ kan, ó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ mi. Ó fọ́ sọ́nà mẹ́ta.

"Ọ̀gá, ṣé búlọ́ọ̀kù lẹ̀ ń ṣe ni àbí bisikíìtì?"

Àwọn òṣìṣẹ́ mi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, mo yọ kọ́kọ́rọ́ ilé jẹnẹrétọ̀ kúrò lára àwọn kọ́kọ́rọ́ mi, mo nà án sí bàbá. Kò tètè gbà á.

"Ọ̀gá, ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Ẹ gbà á, Bàbá. Ẹ máa fa omi nígbàkígbà tó bá yẹ." Mo wá fa àga, mo jókòó tì í. "Kí ló tún kù tí ẹ ò lè sọ fún mi?"

Ó pọ̀. Ó ń sọ ọ́ títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì, ó lọ kírun, ó tún padà wá parí ẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìyàwó mi, mo ní kó jọ̀ọ́, kó padà wá kọ tiwa.

"Ó ti pẹ́ jù. Mo ti kọ ilé búrẹ́dì dé orí kẹrin." Lẹ́yìn náà ló wò mí. "Ojú gbogbo wọn sì lẹ ti lé mi."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Ní ọjọ́ kejì, mo mú un lọ sí ọgbà, mo ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ. Mo ní, "Lọ́jọ́ tí mo lé ìyàwó mi níbí, èmi ni mo jẹ̀bi. Òótọ́ ló ń kọ, òótọ́ ni Bàbá náà sọ. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Bàbá ló kọ́kọ́ dáhùn, ó ní, "Ìyá wa, ẹ foríjì wọ́n." Nígbà tí à ń lọ síta, ó fọwọ́ kan apá mi. "O ṣeun," ó ní. "O" yẹn dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ó gboyè, ó sì ṣe dáadáa. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní òun máa ń fi ìwé náà han àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi ni mo ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Nínú ìwé náà, níbi tó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ìlà mẹ́rin ló fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá oníbúrẹ́dì. Èmi ní ìlà kan. Mi ò mọye ìgbà tí mo ti ka ojú ewé yẹn.

Mo padà kọ́ ìṣirò. Òun ló kọ́ mi, pẹ̀lú sùúrù tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta, mo sì yege. Ní báyìí, ọdún kejì mi rèé nínú ẹ̀kọ́ kan náà. Nígbà tí èsì àkọ́kọ́ jáde, mo gba A nínú ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìṣàkóso. B lòun gbà níbẹ̀ nígbà tiẹ̀. Mo gbé fóònù fún un kó wò ó, bí ẹni pé mi ò rántí.

Ó wò ó pẹ́.

"Ó jọ pé ìbéèrè ti rọrùn sí i báyìí," ó ní.

Mo wọ yàrá lọ, mo tilẹ̀kùn, mo jó díẹ̀ láìsí orin. Nígbà tí mo padà jáde, ó ti gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó ń ka ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún oyè kejì.