Ìyá Inú Yàrà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà ní Pobẹ̀. Bí a bá ń lọ sí Sakété, tí zẹ́míjàn bá gbé wa dé ibi yàrà àtijọ́ tí wọ́n fi dáàbò bo ìlú, yóò gbá ọlọ́kadà léjìká pé kó dúró. Á sọ̀kalẹ̀, á kúnlẹ̀ sétí kòtò náà, á ní, "Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú o." Mo ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà. Ojú a máa tì mí, mà á kọ ẹ̀yìn sí i bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ìtàn tó sọ fún mi kò gùn. Nígbà ogun Dàhómì, àwọn obìnrin kó ọmọ wọn sá pamọ́ sínú yàrà yẹn. Àwọn ológun ń kọjá lókè nígbà tí ọmọ ọwọ́ kan figbe ta. Ìyá rẹ̀ fún un lọ́mú, kò gbà. Ó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ìgbà tí ogun fi kọjá, ọmọ náà kò mí mọ́. Àwọn yòókù jáde, òun kò jáde. Oúnjẹ ni wọ́n ń gbé lọ bá a níbẹ̀ títí ó fi kú.

"Ìyá ìyá mi wà nínú àwọn ọmọ tó jáde," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí. "Ká ní ọmọ yẹn kò dákẹ́, ta ni ì bá bí mi?"

Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó ní, "Lọ bá mi kí i."

Mo débẹ̀, n kò rí yàrà. Ọkùnrin kan ń mọ bíríkì lórí ilẹ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́.

"Màdáámù, yàrà wo?" ni ó bi mí. "Kòtò ìdọ̀tí ló wà níbí. Ẹni tó ra ilẹ̀ ló ní ká dí i."

Obìnrin kan tó wá láti Nàìjíríà, tó ń ta bàtà lẹ́bàá ọ̀nà, gbọ́ ohun tí mo ń bèèrè. Ó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń rí àwọn ìyá arúgbó tó ń kúnlẹ̀ níbẹ̀. Èmi náà wá ń kí i kí n tó pàtẹ."

"Kí lẹ máa ń wí?"

"Ẹ káàárọ̀ ni. N kò mọ ẹni tí mò ń kí."

Mo fẹ́ sọ fún un. Ṣùgbọ́n ó pọn ọmọ ọwọ́ kan sẹ́yìn, ọmọ náà ń sùn, orí rẹ̀ ń mì. Mo kàn ní ìyá kan ló gbé ibẹ̀ rí. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, àmọ́ oníbíríkì ń wò mí. N kò kúnlẹ̀.

Mo padà sí Pobẹ̀.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Ìyá."

"Ṣé o kí i?"

"Mo kí i."

Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi," ó sì kọjú sí ògiri. Kò jẹ àgbàdo tuntun ọdún náà kó tó kú.

Ilé alájà kan ló wà níbẹ̀ báyìí. Bí mo bá ń kọjá, n kò mọ ibi tí ǹ bá kúnlẹ̀ sí pàápàá.