Bí Màmá Fèrè Ṣe Kó Ọmọ Ìwé Lọ Sókè Òkun

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe tísà eré ìdárayá yẹn ní Màmá Fèrè, kó kàn lọ dúró lẹ́bàá ọgbà ilé ìwé wọn láàárọ̀. Fèrè náà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Tó bá ti fọn ún báyìí, ẹni tó ń sáré á dúró, ẹni tó ń jẹun á gbé òkèlè mì láìjẹ ẹ́, gbogbo ọmọ á sì tò ní méjì-méjì, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ọkọ rẹ̀ sọ pé lọ́jọ́ tó fọn ún nínú ilé láti wò ó bóyá eruku ti dí i, òun kàn ṣàdédé bá ara òun lórí ìdúró ni.

Obìnrin yìí ti kọ́ ọmọ títí, àwọn kan nínú wọn ti káyé já, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò wọ bàálù rí. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn ún. Nígbà tí ilé ìwé wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ kíláàsì àgbà lọ sókè òkun lọ́dọọdún, ó lọ bá ọ̀gá àgbà, ó ní òun ló yẹ kó máa darí wọn. Ọ̀gá àgbà wò ó sùn-ùn.

"Màmá, ẹ lọ dán an wò. Igbákejì mi á tẹ̀ lé yín. Ohun tó bá sọ tẹ́ ẹ bá dé la máa fi mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ ó máa darí ìrìn àjò náà lọ, àbí ká wá ẹlòmíì."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹlòmíì tí wọ́n ń wí yìí, igbákejì ọ̀gá yẹn náà ni. Ipò ọ̀hún ń wù ú bí nǹkan míì. Wọ́n kúkú ti fi ológbò ṣọ́ ẹja.

Ọkùnrin gíga kan báyìí ni, tó máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn ganrínganrín. Kò sí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ tí kò ní fi "nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún" bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ti sọ ọ́ ní Mo-Ti-Débẹ̀-Rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é. Inú bàálù ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ fèrè yẹn kúrò lọ́rùn. Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, mi ò rí àgbàlagbà kankan tó ń gbé fèrè kọ́rùn kiri. Ẹ máa dójú tì wá o."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni Màmá Fèrè fèsì. "Ẹni tó bá bọ́ fèrè yìí lọ́rùn mi ló máa bá mi wá ọmọ tó bá sọnù."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, igbákejì ọ̀gá ní òun mọ ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì dunjú. Ó kó wọn rìn títí, wọ́n fi já sí ẹ̀yìnkùlé alágbàfọ̀ kan, níbi tí aṣọ ibùsùn funfun ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní wọ́n ti gbé ọ̀nà yẹn kúrò. Àwọn ọmọ bojú mọ́lẹ̀, èjìká wọn ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Ibùdókọ̀ ojú irin ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ọkọ̀ dé, igbákejì ọ̀gá kò dúró de ẹnì kankan, ó bẹ́ wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó na ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ wà nídìí ẹ̀rọ kan tó ń ta súìtì, wọ́n ń tẹ ibi tó yẹ àti ibi tí kò yẹ. Màmá Fèrè pariwo títí, wọn ò gbọ́. Ó bá gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ún.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé irú fèrè bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ yẹn máa ń fọn láti fi sọ fún awakọ̀ pé èrò ti wọlé tán. Awakọ̀ gbọ́ fèrè, kò wẹ̀yìn wò, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó ṣíná sí i. Òṣìṣẹ́ tó ni iṣẹ́ ń wo fèrè tirẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wo ẹnu Màmá. Àwọn ọmọ ti tò, wọ́n ti di ara wọn lọ́wọ́ mú, ọmọbìnrin tó gbẹ̀yìn nìkan ni kò ní ẹnìkejì. Igbákejì ọ̀gá ń lu gíláàsì fèrèsé, ẹnu rẹ̀ ń lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ọmọ kan juwọ́ sí i. Ni gbogbo wọn bá juwọ́.

"Ó dàbọ̀ o, sà!"

Màmá yọ fèrè kúrò lẹ́nu. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa pinnu ọ̀ràn òun ni òun fi fèrè lé lọ yìí! Ẹ̀rù bà á gidi. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, ẹ̀rín wà lábẹ́ ẹ̀rù náà.

Òṣìṣẹ́ náà bá a wí dáadáa, ó wá tẹ ibùdókọ̀ iwájú láago. Wọ́n wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, wọ́n mú Màmá lọ sí yàrá kan tí wọ́n ya àwòrán ọmọ tó ń sunkún sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Yàrá àwọn ọmọ tó sọnù ni. Igbákejì ọ̀gá ló jókòó lórí àga kékeré kan níbẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ọmọdé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ń fi ìdajì bisikíìtì ẹnu rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti bi í pé ibo ló dé sí, kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ta ló kó wọn wá, ó ní obìnrin kan tó gbé fèrè kọ́rùn ni.

Màmá ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu. Kó tó sọ ọ́, ọkùnrin náà gbójú sókè, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá, mi ò débẹ̀ rí."

"Ibo?"

"Ibì kankan. Fọ́tò ni mo máa ń wò."

Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn máa gbọ́ ìròyìn bàálù lẹ́nu ẹlòmíì. Ó ní, "Ọ̀gá, èmi náà ò mọ̀ pé mo lè fi ẹnu wa ọkọ̀ ojú irin. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n ní kí alágbàtọ́ buwọ́ lùwé kí wọ́n tó lè yọ̀ǹda rẹ̀. Màmá buwọ́ lù ú. Nígbà tí wọ́n jáde, ó fa igbákejì ọ̀gá lé ọmọbìnrin tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́.

"Sà, ẹ dì mí mú dáadáa o," ni ọmọbìnrin náà wí.

Wọ́n padà délé, ọ̀gá àgbà pè wọ́n sí ọ́fíìsì, ó ní ṣé ọmọ kankan ò sọnù. Màmá ti fẹ́ jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ fèrè, ṣùgbọ́n igbákejì ọ̀gá yára jù ú lọ.

"Rárá, sà. Ọmọ kankan ò sọnù."

"Ó dáa. Ta ni kó wá máa darí ìrìn àjò náà lọ?"

Ọkùnrin náà tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí ipò yẹn di tirẹ̀.

"Màmá ni, sà."

Ẹnu ya ọ̀gá àgbà. "Ìwọ tó o ti débẹ̀ rí ńkọ́?"

"Ẹ kà mí mọ́ àwọn ọmọ, sà."