Bẹ́ẹ̀dì Màmá Nọ́ọ̀sì Dé Pálọ̀

Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú ọ̀sán ni, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, nígbà tí fóònù mi dún. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá ibi jókòó sí, torí láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dá rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì, táwọn èèyàn sì ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Inú flat wa ní Hulme, ní Manchester níbí, ni mo wà, mò ń tún CV mi ṣe. (Ẹ̀yin tí ẹ ti parí Master's tí ẹ ṣì ń wáṣẹ́, ẹ mọ bó ṣe ń rí.) Màmá Nọ́ọ̀sì ló pè mí. Orúkọ tí gbogbo ìjọ wa ń pè é nìyẹn, torí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣe ní Manchester títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kò bímọ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ pé ó lọ́kọ rí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ egungun ìbàdí rẹ̀ ní ọsibítù ni, wọ́n sì ti ní kó máa lọ sílé.

Ó ní kí n máa bọ̀ nílé òun ní Cheetham Hill kíákíá, pé àwọn Mummy Adé ń bọ̀ wá kí òun nírọ̀lẹ́ yẹn, òun sì fẹ́ kí n débẹ̀ ṣáájú wọn. Mummy Adé ni olórí welfare ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tí ara rẹ kò bá yá, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ á gbé oúnjẹ wá, wọn á fọ aṣọ rẹ, wọn á gbàdúrà fún ọ, wọ́n tiẹ̀ lè sùn tì ọ́. Mo bi Màmá pé kí ló dé. Ó ní tí mo bá dé, màá rí i.

Ẹ mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Kí bọ́ọ̀sì tó gbé mi dé Cheetham Hill Road, mo ti ro gbogbo ohun tó lè burú. Bóyá ó ṣubú. Bóyá ó ti gbọ́ nǹkan nípa mi. Torí fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú ewé yìí, obìnrin ni èmi tí mò ń kọ̀wé yìí fẹ́ràn. Ìjọ mi kò mọ̀, màmá mi ní Abẹ́òkúta kò mọ̀, ìdí sì nìyẹn tí orúkọ tí ẹ ń rí níbí kì í fi í ṣe orúkọ mi gangan.

Auntie Maureen ló ṣílẹ̀kùn. Òyìnbó ni, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ilé Màmá ló sì ń gbé. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí Màmá, yóò kí mi dáadáa, yóò sì rọra bọ́ sí kíṣìnì. Mo rò pé ó háyà yàrá níbẹ̀ ni. Gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀.

Mo wọ pálọ̀. Wọ́n ti kó àwọn àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bẹ́ẹ̀dì ńlá kan ló wà láàárín, pẹ̀lú ìrọ̀rí méjì. Gíláàsì ìkàwé kan wà lápá ọ̀tún, òmíràn wà lápá òsì. Sílípáàsì méjì wà nílẹ̀, ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. Wọ́n gbé fọ́tò kan sójú fèrèsé, àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ṣì kéré lọ́jọ́ orí ni wọ́n wà nínú rẹ̀ létí òkun, inú kóòtù kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì wà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí ẹran jẹ.

Mo wo fọ́tò. Mo wo Màmá. Màmá ń wo ojú mi.

Ó wá ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́. Ó ní ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí òun àti Maureen ti jọ ń gbé, kò sì sí àlejò kankan tó kọjá pálọ̀ rí. Yàrá wà lókè, ìlẹ̀kùn yàrá sì máa ń wà ní títì. Ní báyìí tí òun kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, wọ́n ní láti gbé bẹ́ẹ̀dì sọ̀kalẹ̀.

"Ogbó ti dé, Àbẹ̀kẹ́," ló wí. "Ó ti gbé yàrá wa wá sí pálọ̀."

Ohun tó fẹ́ ni pé kí n bá wọn kó gbogbo ẹrù Maureen lọ sókè kí Mummy Adé tó dé. Ó ní òun kò tún lè bẹ̀rẹ̀ ìjọ tuntun lọ́jọ́ orí òun. Ibẹ̀ nìkan ló kù ní gbogbo ìlú yìí tí wọ́n ti ń pe òun ní màmá.

Ó yẹ kí inú mi bàjẹ́, àbí? Ó bàjẹ́ díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Láti kékeré mi, mi ò rí àgbàlagbà kankan tó jẹ́ bíi tèmi rí. Nínú orí mi, ìtàn àwa obìnrin báyìí máa ń dúró ní bí ọdún márùndínlógójì, bíi fídíò tí data tán láàárín rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Àṣé sílípáàsì ló ń bọ̀! Àṣé gíláàsì ìkàwé ni, àti ẹni tí yóò máa bi ọ́ bóyá o ti lo oògùn rẹ! Mo di fọ́tò yẹn mú, mò ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi, Màmá ní kí n fi ẹkún sílẹ̀ kí n gbé sílípáàsì.

Mo kó ẹrù sókè, mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo tún kó òmíràn. Nígbà tó ku ìrọ̀rí, Auntie Maureen kò jẹ́ kí n gbé e. Ó ní ìrọ̀rí òun ni. Orúnkún tiẹ̀ náà kò dáa. Ó ń gun àtẹ̀gùn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ kan lára ògiri, ìrọ̀rí lábẹ́ apá. Màmá ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bọ́ sí kíṣìnì ni Mummy Adé dé, òun àti Sister Fúnkẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ care tó sì ń wá yàrá láti háyà. Orin ni wọ́n bá wọlé, pẹ̀lú kúlà ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja. Wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kú ewu, Mà. Ẹ kú ìnira, Mà. Kí ẹ má ṣi Mummy Adé mọ̀ o, èèyàn gidi ni. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, òun ló fún mi ní kóòtù tí mò ń wọ̀ títí dòní.

Ó wo yíká, ó ní bẹ́ẹ̀dì yìí mà fẹ̀ o, pé èèyàn méjì á gbà á dáadáa. Ikọ́ mú mi lójijì.

Auntie Maureen gbé tíì wọlé. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, ẹnu mi ti já: "Ayálégbé Màmá ni!" Ta ló bi mí? Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohunkóhun!

Mummy Adé tọ́ tíì wò, ó sọ fún Sister Fúnkẹ́ ní Yorùbá pé àwọn òyìnbó yìí náà, pé tíì kò ní ṣúgà rárá. Auntie Maureen dìde, ó lọ sí kíṣìnì, ó gbé ṣúgà wá. Mummy Adé dúpẹ́, kò fura sí nǹkan kan. Èmi fura. Ẹ̀rù sì bà mí, torí ó túmọ̀ sí pé obìnrin yìí ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ.

Àfi bí Mummy Adé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ayé Màmá. Ó ní kò yẹ kí aláìsàn dá wà lóru. Ta ni yóò gbé e dìde? Ta ni yóò mú un lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀? Ó ní Sister Fúnkẹ́ ń wá yàrá, iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ló mọ̀, ọmọ wa sì ni. Kí Màmá fún ayálégbé yìí ní notice, kó kó jáde, kí Fúnkẹ́ kó wọlé. Sister Fúnkẹ́ ní ẹ jọ̀ọ́, Mà, kò tíì kan ìyẹn. Mummy Adé ní kó dákẹ́.

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ojú Auntie Maureen ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń fi ṣíbí ro inú ife tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́.

Èmi ni mo fà á! Tí mi ò bá pè é ní ayálégbé, ta ni yóò lé e jáde? Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mi ò sì mọ ohun tí mo lè sọ láìjẹ́ pé mo tú àṣírí ẹlòmíràn.

Mummy Adé ní ká di ojú wa, ká gbàdúrà kí Ọlọ́run fún Màmá ní ẹni tí yóò dúró tì í títí dọjọ́ alẹ́.

"Mummy Adé, ẹ dúró ná," Màmá wí. "Ẹ má gba àdúrà yẹn."

"Kí ló dé, Mà?"

"Ó ti gbà tipẹ́. Ẹni tí ẹ ní kó kó jáde yìí, òun ló ń gbé mi dìde lóru. Kì í ṣe ayálégbé mi. Ẹnì kejì mi ni. Ilé rẹ̀ nìyí, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì ni mo sùn lé yìí." Ó wá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Maureen, lọ gbé ìrọ̀rí rẹ wá."

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Auntie Maureen ti ń dìde, ṣùgbọ́n mo rántí orúnkún rẹ̀, kí n sì tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà lórí àtẹ̀gùn. Mo sáré gbé ìrọ̀rí yẹn sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù!

Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, Mummy Adé ti dìde. Ó ń wá báàgì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ohun tí òun gbà gbọ́ ni òun ṣì gbà gbọ́, òun kò ní purọ́ fún Màmá. Ó ní aláìsàn ni òun wá kí, òun sì ti kí i. Ó jáde. Auntie Maureen wá jókòó ti Màmá, ó dì í mú lọ́wọ́.

Sister Fúnkẹ́ kò tẹ̀ lé Mummy Adé, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ Mummy Adé ló gbé e wá. Ó ní bàbá kan wà níbi iṣẹ́ òun tó máa ń fi fọ́tò ọkùnrin kan pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n bá ń bọ̀ wá wẹ̀ fún un. Ó ní òun rò pé àbúrò rẹ̀ ni, òun kò bi í léèrè rí, àmọ́ òun máa bá a gbé e síta lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó bá fẹ́. Ó bọ́ kóòtù, ó sì kọ́ Auntie Maureen bí èèyàn ṣe ń gbé aláìsàn dìde láìpa orúnkún ara ẹni lára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi ṣe aláìsàn kí wọ́n lè fi mí kọ́ iṣẹ́.

A jẹ ìrẹsì Mummy Adé. Auntie Maureen jẹ ata ju gbogbo wa lọ! Ó ní ẹgbẹ́ kan wà láàárín ìlú, àwọn àgbàlagbà bíi tiwọn, wọ́n máa ń pàdé mu tíì, wọ́n sì máa ń bá ara wọn ṣe wàhálà ọsibítù. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń bẹ Màmá pé kí wọ́n lọ, Màmá ń sọ pé tí òun bá pàdé ẹni tó mọ òun ńkọ́? Ní báyìí Màmá ní tí òun bá ti lè rìn, ká lọ, kí èmi náà tẹ̀ lé wọn.

Mo bi í bó ṣe mọ̀ pé èmi ni kí òun pè. Ó ní tí wọ́n bá ń gbàdúrà ọkọ fún àwọn ọmọge ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà mi ni mo máa ń wò. "Bàtà tèmi náà ni mò ń wò láti bí ogójì ọdún."

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí o: a lè dàgbà. Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi rí. A lè dàgbà, ara yóò sì máa dùn wá, a ó nílò ẹni tí yóò gbé wa dìde, kò sì yẹ kí ẹni náà máa gun àtẹ̀gùn lọ fi ara pamọ́ torí pé àlejò ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Mummy Adé pè mí lánàá. Ó ní òun kò pè láti sọ̀rọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun ṣì ń gbàdúrà sí i, ṣùgbọ́n ebi kò gbọdọ̀ pa aláìsàn, òun ń gbé ọbẹ̀ lọ lọ́jọ́bọ̀. Ó wá ní ohun kan ń da òun láàmú.

"Obìnrin yẹn ju mí lọ dáadáa. Mi ò lè máa pe àgbàlagbà ní Maureen. Kí ni kí n máa pè é?"

Mo ní Auntie ni èmi ń pè é. Ó ní Auntie kẹ̀, gbogbo ẹni tó ń tajà ní Cheetham Hill ni auntie. Ó ní ẹni tó ń gbé ilé Màmá, tó ń tọ́jú Màmá, ó yẹ kó ní orúkọ tó dúró. Mo ní màá padà pè é.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o! Ṣé Màmá Kékeré ni, tó sì jẹ́ pé ó ga ju Màmá lọ? Ṣé Ìyàwó Màmá ni, kí Mummy Adé fi kúlà sílẹ̀ kó sá? Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí nínú ẹbí yín tàbí nínú ìjọ yín, kí lẹ̀ ń pè wọ́n? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi kí Ọjọ́bọ̀ tó dé.