Ẹni Tó Sùn Lórí Àga Àǹtí Jámánì

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ra píánò ìṣeré kékeré kan fún ọmọ mi lọ́jà East Street, ní Barking nílùú òyìnbó níbí. Bí a ṣe délé ló jókòó sílẹ̀, ó tẹ ohùn kan ṣoṣo, ó dúró, ó tún tẹ ọ̀kan náà. Àwọn ọmọ mìíràn a máa gbá gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni. Tèmi ń dúró kí èyí tó tẹ̀ parẹ́ ná. Mo ń wò ó láti orí àga. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sí ohun tó ń dùn mí, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú. Mo ń fún ọmọ lóúnjẹ, mo ń lọ síbi iṣẹ́ nílé ìtajà Vicarage Field, mo ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà. Ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo yẹn gbé mi padà sí ilé wa àtijọ́ lẹ́bàá páàkì Parsloes, nígbà tí mo ṣì wà ní pírámárì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé àdúgbò yẹn mọ̀ pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé kan sí èkejì. Bí aládùúgbò bá sín, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i ní pẹ̀lẹ́. Lápá ọ̀tún wa ni Àǹtí Jámánì ń gbé. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí màmá mi ò gbà kí n pe àgbàlagbà lórúkọ. Nígbà tó yá, òun náà ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀, ọmọ Dagenham tó ń wa bọ́ọ̀sì, ló fẹ́ ẹ láti Jámánì wá. Iṣẹ́ Àǹtí fúnra rẹ̀ ni kó máa ronú orin jáde, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì lọ fi píánò lù ú ní àwọn gbọ̀ngàn ńlá ìlú wọn. Àwa ò mọ̀. Ohun tí à ń gbọ́ lára ògiri ni pé á tẹ ohùn kan, á dákẹ́ títí ohùn yẹn á fi kú pátápátá, kó tó tẹ òmíràn. Bó ṣe ń wá orin rẹ̀ nìyẹn. Màmá mi rò pé píánò ló bàjẹ́ tó ń tún un ṣe. Ó káàánú rẹ̀ débi pé ó dá ọkọ rẹ̀ dúró lójú pópó, ó ní kó gbìyànjú kó ra tuntun fún ìyàwó. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi di géètì mú.

Ọkùnrin yẹn ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, kò dìde mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, ògiri dákẹ́. Màmá mi ń ṣe kíà, iṣẹ́ ìtọ́jú, lóru nílé àwọn arúgbó. Tẹ́lẹ̀, píánò ni kì í jẹ́ kó rí oorun ọ̀sán sùn. Ìdákẹ́jẹ́ wá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ píánò. Ó ní níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, kí wọ́n fi opó sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n kàn máa ju káàdì ìbánikẹ́dùn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀? Ló bá wé gèlè funfun tó máa ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, ó gbé kúlà ìrẹsì, ó fà mí lọ́wọ́.

Àǹtí Jámánì ṣílẹ̀kùn, ó ń wò wá bí ẹni tó ṣìnà. Kó tó rí ohun tó máa sọ, màmá mi ti wọlé. Ó wá ibi tó máa gbé kúlà lé, kò rí, ló bá gbé e lé orí píánò. Mo rí ojú obìnrin náà, ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n ó kàn gbójú kúrò. Ó ní kò séwu, òun ò ní lò ó mọ́, àwọn tó fẹ́ rà á ń bọ̀ wá gbé e. Ó ní àwọn tó bẹ òun lọ́wẹ̀ orin tuntun ń pè láti Jámánì, òun ò gbé fóònù. Ọwọ́ òun ti di igi.

Màmá mi ò wàásù. Jíjókòó ló mọ̀. Bí mo bá ti ti ilé ìwé dé, a ó lọ jókòó. Orí píánò sì di àyè kúlà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gẹ̀ẹ́sì màmá mi gba Ìjẹ̀bú wá, ti Àǹtí gba Jámánì wá, wọn a máa pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ òjò. Lọ́jọ́ kan Àǹtí bi í pé kí ló ń dúró dè gan-an.

“Mò ń dúró kó o tún ṣí píánò yẹn ni,” màmá mi dáhùn. “Mi ò kánjú.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oorun iṣẹ́ òru gbé màmá mi lọ lórí àga, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń hanrun bí ẹ̀rọ tó ń lọta. Ojú tì mí, mo fẹ́ jí i. Àǹtí di ọwọ́ mi mú. Ó mú kóòtù ọkọ rẹ̀ tó so rọ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, èyí tí kò tíì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn, ó fi bò ó. Ó dúró tì í, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé kúlà sílẹ̀, ó ṣí píánò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, jẹ́jẹ́ débi pé ìka rẹ̀ ni mò ń wò kí n tó mọ̀ pé ó ti tẹ òmíràn. Kò fẹ́ jí ẹni tó ń sùn. Bí màmá mi bá hanrun, á dúró kó parí, bó ṣe máa ń dúró de ohùn tó ń kú lọ, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ.

Màmá mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó jí tí mo sọ fún un, ó kọ́kọ́ bínú pé kí ló dé tí mi ò jí òun. Ìgbà tó yá, ó wo kóòtù tó wà lára rẹ̀, ó rọra ká a. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ká ní mo lajú ni, ojú ì bá tì í.”

Àwọn tó fẹ́ ra píánò ò rí i rà mọ́. Orin náà parí, wọ́n sì lù ú ní Jámánì. Kí Àǹtí tó kó padà lọ sílùú rẹ̀, mo bi í bóyá inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ tó tún ṣí píánò.

Ó ní, “Rárá, ọmọ mi. Kò sí nǹkan tó ṣe mí. Ọwọ́ mi kàn ń lọ ni. Ó pẹ́ kí ọkàn mi tó bá a.”

Ìgbà ti yí padà. Àwọn èèyàn ìjọ tí wọn ì bá kún ilé mi ti di ohùn lórí fóònù. Mi ò bá wọn wí, iṣẹ́ ṣíìfù ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ráyè. Síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wá kí mi, òun ò ní pẹ́. Mo ti kọ èsì pé kí wọ́n má ṣèyọnu, pé mo wà dáadáa. Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ: “Ẹ máa bọ̀, mà. Ẹ lè pẹ́.”