Orúkọ Wọn La Pè, A Ò Kà Wọ́n

"Ta ló máa ń kọ́kọ́ jí nínú wọn?"

Ohun tí bàbá náà bi káfíńtà nìyẹn. Ó ti ki gègé bọ yíǹkì, kò sì gbé ojú sókè. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo jókòó sórí ẹní nítòsí wọn, mò ń jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí bàbá bẹ fún mi, omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá mi. Mọ́tò kan tó ń re Ọ̀yọ́ kọjá níta, fèrèsé sì gbọ̀n.

Ilé kejì sí tiwa ni bàbá yìí ń gbé ní Fìdítì. Ó ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Òkè Ọya. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ kú sí, wọn kò sì bímọ. Nígbà tó fi padà wálé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé ọmọ ọmọ jó, ọ̀rọ̀ wọn kò sì wọ̀ mọ́. Ilé rẹ̀ pa rọ́rọ́ débi pé mo máa ń gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé wa tó bá gbé ife kalẹ̀. Àsìkò owó orí nìkan ni ẹsẹ̀ máa ń pé síbẹ̀. Àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dáko tàbí wá ṣiṣẹ́ ọwọ́ nílùú ló máa ń wá, àwọn tí fọ́ọ̀mù ìjọba ń dẹ́rù bà. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohùn èèyàn ló ń fẹ́ gbọ́, bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Òkèhò ni káfíńtà yìí ti wá. Owó orí tí wọ́n bù lé e ga ju agbára rẹ̀ lọ. Ó ní bí kò bá dín kù, òun yóò di ẹrù òun, òun yóò kó ìyàwó àtọmọ padà sílé, bí ojú tilẹ̀ ń ti òun.

"Ìjọba máa ń dín in kù fún ẹni tó bá ń tọ́ ọmọ," ni bàbá wí. "Ẹ ò kọ nǹkan kan síbi ọmọ. Wọ́n ṣe bí àpọ́n ni yín."

"Bàbá, akọ̀wé wọn bi mí pé mélòó ni wọ́n. Mo ní Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣé wọ́n máa ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni?"

"Wọn kì í kà á. Èmi náà ò ní kà wọ́n. Ta ló máa ń kọ́kọ́ jí?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àdùkẹ́ ni. Òun ló ń gbálẹ̀."

"Ta ni kì í tètè jẹun tán?"

"Àkànbí ni, Bàbá."

"Ta ló wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀?"

"Àbẹ̀kẹ́."

Ibi tí wọ́n ní ká kọ iye sí, orúkọ ni bàbá há síbẹ̀, léra wọn. Ó ní kí akọ̀wé ọ́fíìsì fi ojú ara rẹ̀ kà á. Kò pẹ́ tí ìwé mìíràn fi dé, wọ́n ti dín owó orí náà kù. Káfíńtà gbé àpótí ìjókòó kan wá dúpẹ́. A kò tún rí i nílé náà títí ọdún fi yípo.

Lọ́jọ́ tí káfíńtà kọ́kọ́ wá yẹn, nígbà tó lọ tán, bàbá mú fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Nígbà tó dé ibi ọmọ, ó gbé rúlà, ó fa ìlà gbọọrọ.

"Bàbá, ẹ kọ orúkọ tèmi síbẹ̀."

Ó wò mí títí. "Òótọ́ là ń kọ sínú ìwé yìí," ló wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Inú bí mi. Mo dìde, n kò sì débẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lójoojúmọ́ ló ń bẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tó ń fi àwo dé e sórí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Mo ń rí i. Mo jẹ́ kí èèrà jẹ ẹ́. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ìlú onílùú lèmi náà ń gbé báyìí. Tí mo bá ń kọ fọ́ọ̀mù owó orí mi, tí mo dé ibi ọmọ, mo máa ń pe àwọn ọmọ mi lórúkọ ní ẹnu kí n tó kọ ohunkóhun. Lẹ́yìn wọn ni mo máa ń pe orúkọ ara mi, jẹ́ẹ́jẹ́, nítorí bàbá náà tó fa ìlà síbi ọmọ tirẹ̀. N kì í kọ èyí sílẹ̀.