Lol Peres àti Àfòmọ́ Orí Igi Óòkù

Lol Peres kì í kánjú. Bó bá ń ti ilé ọ̀rá tó ti ń gbin òdòdó róòsì bọ̀, ìyá àgbà tó ru igi ìdáná á bá a lójú ọ̀nà, á kí i, á sì ṣáájú rẹ̀ délé. Ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ kì í rọ kó tó dé ọjà Jobel, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ọ rí kó pariwo mọ́ ènìyàn. Lórí òkè Sinakantan tiwa, gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀, àfi ẹnì kan tó yẹ kó fẹ́ràn rẹ̀ jù: Petul Ernantis, bàbá Shunka.

Shunka ni Lol fẹ́ fi ṣaya. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ẹbí rẹ̀ ti gbé ọtí ìrèké lọ síwájú Bàbá Petul, ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá náà wo ife ọtí bí ẹni wo ejò, tí kò sì mu ún. Bàbá tí kò bá mu ọtí, kò tíì fọmọ fúnni.

“Òdòdó abẹ́ ọ̀rá nìkan ló mọ̀,” ni bàbá náà máa ń wí. “Kò mọ igbó. Ọjọ́ tí atẹ́gùn bá gbé ọ̀rá lọ, kí ni ọmọ mi yóò jẹ?”

Bàbá Petul ni olórí àwa tí à ń já àfòmọ́ tí a fi ń ṣe ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà ọdún. Àfòmọ́ tiwa kì í mu ẹ̀jẹ̀ igi. Ìrì àti atẹ́gùn ló ń jẹ. Oríṣi méjì ló máa ń da ènìyàn láàmú. Ewé ti àkọ́kọ́ fẹ̀, ó kó ara jọ nídìí bí ìkòkò, omi òjò àti kòkòrò ló ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, omi tó ń rùn ni yóò dà sórí àwọn olóyè ọdún. Èyí tí à ń wá gbẹ ní tirẹ̀, ó funfun bí ẹni pé wọ́n fọ́n eérú sí i, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ṣóńṣó ewé náà sì ká bí ìrù ajá.

Nígbà tí ọdún Lọ́rẹ́ńsì Mímọ́ ku ọ̀la, àwa mẹ́rin la wọ igbó: Bàbá Petul, Chep àbúrò rẹ̀, èmi, àti Lol tó bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ tẹ̀ lé wa. Lol tẹríba kí bàbá náà. Bàbá Petul fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí Lol bó ti yẹ kí àgbà ṣe, ṣùgbọ́n bí ẹni ń lé eṣinṣin ló ṣe kàn án.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú, kùrukùru sì bo gbogbo òkè. Àwọn ará ìletò kejì ti já ti ọ̀pọ̀ igi ṣáájú wa. Ọ̀sán ti pọ́n, àwọ̀n tí a fi ń kó àfòmọ́ ṣófo. A wá dé ìdí igi óòkù ńlá kan, igi líle orí òkè wa, tí àfòmọ́ bò láti ọrùn dé orí. Bàbá Petul gbójú sókè.

“Ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ẹ̀fọ́. Olómi ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí òkè kejì.”

Tí a bá lọ sí òkè kejì, ilẹ̀ yóò ṣú kí a tó padà, ṣọ́ọ̀ṣì yóò sì wà ní ìhòòhò. Lol náà wòkè. Bí òjò bá ti pa àfòmọ́ funfun, eérú ara rẹ̀ á pòórá, á wá rí bí èkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bàbá Petul fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, ìdààmú ọjọ́ náà ló mú òun, Chep àti èmi gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọrọ aya, ṣé yóò la ẹnu sọ fún bàbá ọmọ pé ó ṣìnà, lójú àbúrò rẹ̀?

Lol jókòó sórí gbòǹgbò igi.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ ká jẹun níbí.”

“Ó rẹ̀ ọ́?” ni Chep wí. “Kí lo gbé? Àwọ̀n òfìfo?”

“Òfìfo náà máa ń wúwo, Bàbá Chep.”

“Ẹ wá wo ọkọ tí wọ́n ní kí n fọmọ fún o!” ni Bàbá Petul ké. “Òun gan-an ló yẹ ká gbìn sábẹ́ ọ̀rá!”

“Tí ẹ bá gbìn mí, Bàbá, ẹ má gbàgbé láti máa bomi rin mí.”

Ó tú ẹrù rẹ̀. Àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ ni, ẹ̀wà dúdú wà nínú rẹ̀, ata sì wà lórí rẹ̀. Bàbá Petul ní òun kò jẹ. Nígbà tó yá, ó ní òun yóò tọ́ ọ wò. Ó jókòó.

Lol ń jẹun bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Kùrukùru ká, oòrùn yọ. A ti ń nu ọwọ́ nígbà tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀ láti sinmi, tí mo sì rí i pé igi náà ti ń hu ewú.

“Ẹ wòkè,” ni mo wí.

Ewé kọ̀ọ̀kan ń gbẹ, ó ń funfun, ṣóńṣó rẹ̀ ń ká. Àkàrà tó kẹ́yìn dúró lẹ́nu Bàbá Petul.

“Ìwọ ọmọ yìí, o ti mọ̀.”

“Ó rẹ̀ mí ni, Bàbá.”

“Irọ́! Kí lo rí?”

“Ọ̀pá òdòdó àfòmọ́ náà tó gbẹ, Bàbá. Ó ya bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ewé rẹ̀ kò sì fẹ̀ tó ohun tó lè gba omi dúró.”

“Ta ló kọ́ ọ?”

Lol ń wo bàtà rẹ̀. Chep ló bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa ń ṣa àfòmọ́ lágbàlá yín lọ́dọọdún? Ó dájú pé èmi kọ́.”

“Níbo ni ìwọ àti Shunka ti ríra?” ni Bàbá Petul bi Lol.

“Níbi kànga, Bàbá. Ọ̀rọ̀ àfòmọ́ nìkan la sọ.”

“Àfòmọ́ nìkan!” Chep di ikùn mú. “Láti ọdún tó kọjá!”

“Gun igi lọ,” ni Bàbá Petul wí.

Lol gùn ún. Ó já èyí tó gbó, ó fi kékeré sílẹ̀, ó rọra ń sọ ọ́ sínú àwọ̀n tí a tẹ́ dè é. Àwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Petul wà níwájú, kò bojú wẹ̀yìn.

“Sọ fún bàbá rẹ kó wá bí ọdún bá ti parí. Ọtí tí wọ́n gbé wá lẹ́ẹ̀kejì yẹn, òórùn rẹ̀ nìkan ti fi hàn pé omi pọ̀ nínú rẹ̀. Kó mú èyí tó le wá.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá.”

“Ìgò méjì ni o,” ni Chep ké láti ẹ̀yìn. “Èmi náà ni bàbá Shunka!”