Ọjọ́ Mẹ́ta ní Etí Òkun pẹ̀lú Ìyá Onílé Mi

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí n tó fojú kan omi tí n kò rí òdìkejì rẹ̀. Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, láàárín òkè àti àpáta, níbi tí odò tó tóbi jù lọ kò ju èyí tí èèyàn lè ká aṣọ sókè kó sì là kọjá. Nígbà tí mo ríṣẹ́ táípíìsì ní yunifásítì tó wà ní Òjó, bàbá mi dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Omi kì í mojú ẹni. Bó bá ti lè ṣeé ṣe, jìnnà sí i." Mo ní mo ti gbọ́.

Ìbà ni mo gba yàrá kan sí, nínú ilé ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo ayálégbé ń pè ní Màmá. Ọmọ Àwórì ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wọ́n, ọkọ wọn sì ti kú. Àgbọn ni wọ́n ń tà ní Okokomaiko láàárọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, wọn a kọjú sí apá ibi tí òkun wà. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n ń pè mí, n kò sì rò pé a ti jọ sọ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀ kan lásìkò ọyẹ́, ní àárín àwọn ọdún 1980, tí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn mi.

"Ọmọ Èkìtì, ṣé ọlidé ni lọ́la?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo fẹ́ lọ rí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin létí òkun. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, n kò sì fẹ́ dá lọ. Ṣé wàá sìn mí?"

Kí n tó dáhùn, wọ́n ti jókòó sí eteetí bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n sì ro tẹnu wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọn ò ti fojú kan ẹ̀gbọ́n wọn. Òkun ló ń jẹ abúlé tí wọ́n bí wọn sí, ilé kan tẹ̀lé ìkejì. Màmá lọ bẹ ẹ̀gbọ́n wọn pé kí wọ́n wá máa gbé Ìbà, ẹ̀gbọ́n wọn kọ̀. Ìbínú wá dé. Màmá ní àwọn ò ní tẹ ilẹ̀ náà mọ́ àfi tí ẹ̀gbọ́n wọn bá kọ́kọ́ wá. Ẹ̀gbọ́n náà sì ní àwọn ò ní kúrò lójú kan àfi tí àbúrò bá kọ́kọ́ padà. Bí àwọn méjèèjì ṣe fi ọdún mẹ́sàn-án retí ara wọn nìyẹn.

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ lọ báyìí, Màmá?"

Wọ́n wo ilẹ̀. "Lánàá, mo fẹ́ rántí bí ohùn wọn ṣe rí. Kò wá sí mi létí mọ́."

Bí mo ṣe gbà láti lọ nìyẹn.

Kùrukùru ọyẹ́ ti bo ọ̀sà pátápátá nígbà tá a dé èbúté Òjó ní ìdájí. Ọkọ̀ onípákó kan gbé wa, àwa àti apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì mẹ́rin. Ọkọ̀ náà ní ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n atukọ̀ kò tàn án, nítorí koríko kan tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí àlùkò ti gba ojú omi, ó sì máa ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ní láyé àwọn bàbá òun, ojú oró àti òṣíbàtà nìkan ni wọ́n mọ̀, òun ò mọ ibi tí èyí ti wá. Ó ṣépè fún un, ó mú àjẹ̀, ó ń tukọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Láti apá Navy Town, a gbọ́ ìró fèrè kan tó jìnnà réré. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju omi tó ń kán sílẹ̀ lára àjẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá à ń lọ ni tàbí a dúró sójú kan. Mo di igi ọkọ̀ mú títí ìka mi fi kú tipiri.

Nígbà tí oòrùn yọ, a ti wọ ojú omi tóóró kan láàárín àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró lókè omi bí ẹsẹ̀ akàn. Abẹ́ wọn ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹja tó ń rìn. Ẹja kékeré olójú rogodo ni, ó jáde sórí ẹrẹ̀, ó ń fi lẹ́bẹ́ àyà rẹ̀ wọ́ lọ bí ẹni ń fi ìgbọ̀nwọ́ rá. Mo kígbe. Màmá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín wọn nìyẹn. Awọ́nrínwọ́n kan nà gbọọrọ sórí ẹ̀ka, ó ń yá oòrùn, kò wò wá. Ẹyẹ kan tí àyà rẹ̀ funfun bẹ́ sínú omi, ó gbé ẹja, ó lọ. Màmá ki ọwọ́ bọ omi, wọ́n bu díẹ̀, wọ́n fi bọ́jú.

"Ìwọ náà bọ́jú," ni wọ́n wí. "Ó yẹ kí omi mọ ẹni tó ń gbé."

Mo bọ́jú. Iyọ̀ rẹ̀ kàn mí lẹ́nu.

A sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín igi àgbọn, nínú iyanrìn tó ń gbé ẹsẹ̀ mì. Abúlé Ègùn kan la kọ́kọ́ dé, ilé ọparun tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, àwọ̀n tí wọ́n sá káàkiri. Obìnrin kan ń yan ẹja. Màmá bá a sọ̀rọ̀, ẹnu sì yà mí nítorí Ègùn ni wọ́n ń sọ, ó ń yọ̀ lẹ́nu wọn bí epo. Wọ́n yí padà sí mi.

"Ó ní ọ̀nà tí mo mọ̀ ti wọ inú òkun. Ó ní ká gba tòkè."

A gba tòkè. Ohùn kan ti wà lẹ́yìn àwọn igi látìgbà tá a ti sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ni. Lójijì igi tán, ilẹ̀ tán, òkun sì wà níwájú mi.

Mo jókòó sílẹ̀. Omi náà ga lójú mi ju ilẹ̀ lọ, mo rò pé ó máa dà lù wá. Ó dìde, ó ṣẹ́po, ó wó, òmíràn sì ti dìde lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti gé etí ilẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì, ògiri iyanrìn sì dúró níbẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ. Àwọn igi àgbọn tó ti ṣubú sùn sílẹ̀, gbòǹgbò wọn kọjú sí ọ̀run. Màmá dúró tì mí, wọn ò dà mí láàmú títí mo fi dìde fúnra mi.

Ilé márùn-ún péré ló kù ní abúlé náà. Níwájú ẹyọ kan, obìnrin àgbà kan tó ga, tó sì tinrín, ń sá ẹja sórí ẹní. Kò gbójú sókè.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni," ni Màmá dáhùn.

"Ìwọ ta?"

"Àbúrò yín olórí kunkun."

Ọwọ́ àgbà náà dúró lórí ẹja.

"O mà pẹ́ o. Ọbẹ̀ ti ń tutù."

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni àbúrò wọn jáde. Màmá bọ́ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, wọ́n sì sunkún. Ẹ̀gbọ́n wọn gbé ọwọ́ tó kún fún ìpẹ́ lé wọn lórí, wọ́n ń wo ibòmíràn. Ẹ̀bà àti ẹja tútù la jẹ, a sì mu omi àgbọn lé e.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n Màmá mú wa lọ sétí omi, wọ́n nawọ́ síwájú. "Ṣé o rí ibi tí ìgbì kẹta ti ń fọ́ yẹn? Ilé ìyá wa nìyẹn." Màmá wò ó títí. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ká aṣọ sókè, wọ́n wọnú omi. Ẹ̀gbọ́n wọn tẹ̀lé wọn, wọ́n di aṣọ Màmá mú. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mi ò lè máa wo àwọn arúgbó méjì yìí kí n dúró lókè. Mo wọnú omi tọ̀ wọ́n, mo di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n Màmá mú.

"Ibí ni ààrò wà," ni Màmá wí.

"Irọ́ ni. Balùwẹ̀ nìyí. Ààrò wà lápá ọ̀tún."

"Apá òsì ni, ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ ti gbàgbé ibi tí mo ti fi epo jó ẹsẹ̀?"

Bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí ààrò nínú omi tó dé ìdí nìyẹn tí ìgbì kan fi dé, ó gbé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣubú, ó sì fà wá padà sórí iyanrìn bí ẹrù. Mo gbé omi mì. Nígbà tí mo nu ojú, àwọn méjèèjì sùn gbalaja, gèlè ti lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé wọn ò lè dìde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Màmá ń kírun lórí iyanrìn, mo rí ipa kan tó jáde láti inú omi, tó fẹ̀ bí ipa táyà lọ́rì. Mo sáré lọ pe ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n ní ìjàpá òkun ni. Ó fẹ́ gòkè wá yé ẹyin, ṣùgbọ́n ògiri iyanrìn dí i lọ́nà, ló bá yé e sísàlẹ̀, níbi tí omi máa dé. Wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀, ẹyin sì wà níbẹ̀ jọjọ, funfun, rogodo, rírọ̀. Mo béèrè bóyá a máa sè é. Ẹ̀gbọ́n Màmá wò mí bí ẹni tó sọ̀sọkúsọ.

"A kì í jẹ ẹyin àlejò nílé wa."

A kó wọn sínú abọ́ díẹ̀díẹ̀ láìyí wọn padà, a gbẹ́ ihò mìíràn lókè lẹ́yìn igi àgbọn, a sì bò wọ́n. Màmá gbọn iyanrìn lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ ká kó yín."

"Èmi kì í ṣe ẹyin."

Ó di ìgbà tí à ń jẹun alẹ́ kí ẹ̀gbọ́n náà tó padà sórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní, "N kò lè gbé Ìbà. Oorun ò ní kùn mí níbi tí òkun ò ti sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá sún sẹ́yìn díẹ̀, lápá ibi àgbọn, ta ni yóò bá mi rẹ́ imọ̀ tí mo máa fi bo ilé tuntun?"

"Èmi ni," ni Màmá wí, láìronú rárá.

Bó ṣe di pé èmi nìkan ló padà nìyẹn, lọ́jọ́ Àìkú. Nínú ọkọ̀ mi ò di igi mú mọ́. Mo na ọwọ́ sínú omi títí tá a fi dé. Ní Okokomaiko, àwọn èèyàn ń ti ara wọn, kọ́ńdọ́kítọ̀ ń kígbe, ó sì dà bí ẹni pé ẹ̀yìn gíláàsì ni gbogbo wọn wà. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ lálẹ́, bẹ́ẹ̀dì mi rọra ń gbé mi sókè, ó ń gbé mi sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Màmá lò kí wọ́n tó dé. Wọ́n ti dúdú sí i, òórùn ẹja yíyan wà lára wọn, ọwọ́ wọn kún fún ojú ọgbẹ́ imọ̀. Wọ́n ní ilé náà ti dúró, ó ní fèrèsé kan tó kọjú sí omi. Láti ìgbà náà, gbogbo ọyẹ́ ni wọ́n ń lọ, èmi náà sì ń bá wọn lọ nígbà tí ọ́fíìsì bá gbà mí láyè. Nígbà tí ẹsẹ̀ Màmá kọ̀ láti rìn nínú iyanrìn mọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo lọ mú ẹ̀gbọ́n wọn wá ní èbúté Òjó. Wọ́n gbé àgbọn mẹ́fà àti àdín ìgò kan dání. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò ní Ìbà. Wọn ò sùn dáadáa, wọ́n sọ fún gbogbo ayálégbé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó ti Màmá láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń já ewé ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń jiyàn.